Níti Ìtọ̀ Tí Ń Ta Obìnrin Nígbà Tí Oyún Ṣì Kéré

Ní ilẹ̀ wa a kì í tètè kéde oyún. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ a máa dákẹ́. Bóyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀, bóyá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, títí ikùn yóò fi sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. A kò bá àṣà yìí wí. Àwọn àgbà ní ìdí tí wọ́n fi fi í lélẹ̀, obìnrin tí oyún sì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí mọ ìdí náà ju àwa tí ń kọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àṣírí yìí kò gbọdọ̀ dé, èyí nì ni iwájú ẹni tí ń fún wa ní oògùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ̀nyí tí aládùúgbò kò tíì fura sí ohunkóhun ni a ń mọ ọkàn, ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn, apá àti ẹsẹ̀ ọmọ náà ní ìkọ̀kọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kan náà ni ìtọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìyá rẹ̀, tí yóò sì máa wá ohun tí yóò lò sí i. Lórí èyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin ará Àgọ́-Ìwòyè àti ẹ̀yin ará etí omi ní Ogun Waterside sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé àárín wa yóò mọ irú rẹ̀. Òkè-Ṣọ́pẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé rẹ̀ wà, gàrí ni ó sì ń tà. Ó ti tó oṣù kan ààbọ̀ tí ó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ ọjà kan ó ṣàkíyèsí pé òun kò lè jókòó ti gàrí òun fún ìwọ̀n wákàtí kan kí ìtọ̀ má gbọ̀n òun. Bí ó bá sì dé ibi tí yóò tọ̀ sí, ẹ̀kán díẹ̀ ni yóò jáde, yóò sì máa ta á bí ẹni pé a da omi ata sí ojú egbò. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wúwo. Ìtọ̀ náà kò mọ́ gaara, ó sì ń rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan létí. Ọ̀rẹ́ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àtọ̀sí ni o. Má jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, ó ti ẹ̀yìnkùlé gba ilé olóògùn lọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, oògùn ìtọ̀ tí ń ta ènìyàn ni mo ń wá."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màmá. Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí, sà."

"Kò le. Ẹ máa lo ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan ní alẹ́. Bí ó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lè dáwọ́ dúró."

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Obìnrin náà sọ ohun tí ń ṣe é, ọkùnrin náà sì ta oògùn fún ohun tí a sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni ó dúró níwájú àtẹ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni olóògùn sì rí. Kò béèrè, obìnrin náà kò sì wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú orúkọ tí ọ̀rẹ́ yẹn pe àìsàn náà kúrò lọ́nà, nítorí orúkọ náà ń ṣe ibi ju bí a ti rò lọ. Àtọ̀sí gan-an jẹ́ àrùn tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn nípa ìbálòpọ̀, kòkòrò tirẹ̀ sì yàtọ̀. Kòkòrò tí ó ń fa ìtọ̀ títa lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aboyún ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Escherichia coli, nítorí pé Theodor Escherich, dókítà àwọn ọmọdé, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1885. Inú ìfun olúkúlùkù wa ni kòkòrò yìí ń gbé, ìbáà ṣe ìfun bíṣọ́ọ̀bù tàbí ìfun àgbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ààyè rẹ̀. Ìgbà tí ó bá ṣáko wọ ọ̀nà ìtọ̀ ni ó ń di ọ̀tá. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ rìn ìrìnkurìn, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé aya ṣe àgbèrè. A ti gbọ́ pé ilé dàrú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ìgò ìtọ̀ kan ìbá yanjú. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé àtọ̀sí ni ní tòótọ́, ìwòsàn wà fún un nínú oyún, ọkọ àti aya ni yóò sì jọ gbà á.

Orúkọ kejì tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn nísinsin yìí ni "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kṣọ̀n". Èyí kò bu ẹ̀tẹ́ lu ni bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà bákan náà, nítorí kòkòrò náà kò fò láti inú ṣáláńgá ẹlòmíràn wá. Ara obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ti wá.

Ìtọ̀ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn tí àwọn tí ń wẹ̀, tí ń fọṣọ, tí wọ́n sì ń pẹja nínú odò gbọ́dọ̀ mọ̀. Aràn kan wà tí ń ti ara ìgbín kéékèèké inú omi jáde, tí ó sì ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé lọ sí àgbègbè àpò ìtọ̀. Àwọn ènìyàn ń pe àìsàn rẹ̀ ní àtọ̀sí ajá. Àwọn ará abúlé tí ó yí omi ìdídò Ọ̀yán ká, nítòsí Abẹ́òkúta, mọ̀ ọ́n dáadáa. Oògùn tirẹ̀ kì í ṣe ti ìtọ̀ tí a ń wí yìí, a kì í sì í sábà fi fún aboyún títí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò fi kọjá. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, kí ó sì sọ irú omi tí ó ń wọ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí àìsàn yìí fi ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, tí ó sì ń bá aboyún jà jù? Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin a sì máa tó 20; ìrìn àjò kòkòrò náà kúrú púpọ̀. Ó sì sún mọ́ ibi tí a ń gbà yàgbẹ́. Nígbà tí oyún bá dé, ara obìnrin a máa pèsè èròjà kan lọ́pọ̀lọpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń mú kí ilé-ọmọ dẹ̀, kí ó má bàa fún ọlẹ̀ jáde. Èròjà rere ni. Láìsí i oyún kò lè dúró. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dẹ ilé-ọmọ ni ó ń dẹ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú kíndìnrín sínú àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ tí ó ti ń ṣàn wàràwàrà wá ń lọ́ra. Nígbà tí ilé-ọmọ bá sì dàgbà, yóò tún tẹ àwọn ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, pàápàá ti apá ọ̀tún. Àgbẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé fún un bí omi gọ́tà tí kò ṣàn ti ń rí.

A kò gbọdọ̀ ṣàìsọ pé ìtọ̀ ìgbà gbogbo nìkan kì í ṣe àìsàn. Ní oṣù àkọ́kọ́ oyún, obìnrin tí ara rẹ̀ le koko yóò máa tọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, yóò sì máa dìde lóru. Ohun tí ó yàtọ̀ ni kí ó máa ta á, kí ó máa jáde ní ẹ̀kán ẹ̀kán, kí ó máa rùn, kí ó dàrú bí omi ẹ̀kọ, tàbí kí ìsàlẹ̀ ikùn máa ro ó.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kò sí ohun kan tí ń ta wọ́n, tí kòkòrò náà sì kún inú ìtọ̀ wọn. Àgbẹ̀ tí ó ti fa ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ó sì bá a pé òkété ti jẹ ìdí rẹ̀ tán, yóò mọ ohun tí a ń sọ. Edward Kass, dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ni ó la ojú ayé sí ọ̀ràn yìí láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó fi hàn pé bí a bá ka kòkòrò inú ìtọ̀, tí ó sì tó 100,000 nínú mìlílítà kan, àìsàn wà níbẹ̀ ní tòótọ́, bí obìnrin náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà a ti mọ̀ pé nínú 100 aboyún, nǹkan bí 2 sí 10 ni ó ń gbé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kiri láìmọ̀. Bí a kò bá sì tọ́jú wọn, nǹkan bí 20 sí 40 nínú 100 àwọn wọ̀nyí ni yóò ní àìsàn kíndìnrín kí wọ́n tó bí. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gba ìtọ̀ lọ́wọ́ aboyún ní ilé ìwòsàn, tí àwọn mìíràn fi ń kùn pé, "Kí ni wọ́n ń fi ìtọ̀ mi ṣe nígbà tí kò sí ohun tí ń ṣe mí?"

Àìsàn kíndìnrín yìí ni ewu tòótọ́. Nígbà tí kòkòrò bá gun òkè dé ibẹ̀, ara obìnrin á gbóná, òtútù á mú un títí eyín rẹ̀ yóò fi máa gbá ara wọn, á máa bì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà á sì máa dùn ún, bí a bá fi ọwọ́ kàn án á fò sókè. Ó lè mú kí ọmọ wá kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì pa ìyá. Ẹ sì wo bí ó ti rọrùn tó fún wa láti ṣi í mú: ara gbígbóná, òtútù, èébì, kí ni ẹni tí a bí sí ilẹ̀ yìí yóò pe èyí bí kò ṣe ibà? A ó ra oògùn ibà. Gbígbóná ara lè rọlẹ̀ díẹ̀ nítorí oògùn ara ríro tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ilé á sì máa dúpẹ́, nígbà tí kíndìnrín ń jó lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó lóyún tí ara rẹ̀ gbóná kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà, kí ó sì ṣe ti ìtọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì a máa pàdé lára ènìyàn kan nígbà mìíràn. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bá ń dùn ún pẹ̀lú ìgbóná, kì í ṣe ọ̀ràn tí a ń dúró de ilẹ̀ mọ́ fún. Abẹ́rẹ́ inú iṣan ní ilé ìwòsàn ni ó yẹ ẹ́, yálà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣágámù bí wọ́n bá ní kí a gbé e lọ síbẹ̀.

Nísinsin yìí ó kan ọ̀rọ̀ oògùn, ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà sí apá méjèèjì.

Ní ọdún 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan ní ilẹ̀ Jámánì tí a ń pè ní thalidomide. Kì í ṣe oògùn ìtọ̀. Oògùn oorun ni, àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Wọ́n ní kò léwu rárá. Ní ọdún 1961, Dókítà Lenz ní Jámánì àti Dókítà McBride ní Australia ké gbàjarè pé àwọn ọmọ tí kò ní apá tàbí ẹsẹ̀ ń pọ̀ jù, oògùn yìí ni ìyá wọn sì lò. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lé ní 10,000 ni ó ti bà jẹ́ káàkiri ayé. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, a rí i pé àwọn tí ó lò ó láàárín nǹkan bí ọjọ́ 34 sí 50 lẹ́yìn nǹkan oṣù tí wọ́n rí kẹ́yìn ni ọ̀ràn náà bá. Ẹ padà wo obìnrin wa ní Òkè-Ṣọ́pẹ́n: ọjọ́ mélòó ni oṣù kan ààbọ̀?

Síbẹ̀ a kò sọ ìtàn yìí kí aboyún lè sá fún gbogbo oògùn. Àìtọ́jú ìtọ̀ yìí léwu ju oògùn tí ó tọ́ lọ. Ìdílé oògùn amoxicillin àti ti cefalexin ni a ti ń fún àwọn aboyún láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ní gbogbo ayé, àwọn ni dókítà sì sábà máa ń kọ́kọ́ rò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí obìnrin náà kò bá jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ penicillin. Nitrofurantoin jẹ́ oògùn ìtọ̀ tí ó dára, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kì í fẹ́ lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bí òmíràn tí ó yẹ bá wà, a kì í sì í lò ó nígbà tí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ènìyàn kan sì wà láàárín wa, wọn kò kéré níye, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́ bí wọ́n bá lo oògùn yìí tàbí irú Septrin. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí òbúrọ́ rí tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú lẹ́yìn tí ó lo oògùn kan tàbí tí ó fa òórùn káńfọ̀, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó kọ̀wé oògùn.

Septrin wà ní ilé púpọ̀, a sì ń lò ó fún ohun gbogbo láti orí ikọ́ títí dé inú rírun. Ó ń bá èròjà kan jà nínú ara tí à ń pè ní folic acid, èròjà yìí gan-an sì ni ọmọ inú ń lò láti dí ọ̀pá ẹ̀yìn àti agbárí rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ìdí kan náà nìyí tí wọn kì í fi fún aboyún ní Fansidar tí ń dènà ibà títí yóò fi wọ ọ̀sẹ̀ kẹtàlá. Tetracycline àti doxycycline a máa wọ inú eyín àti egungun ọmọ bí oyún ti ń dàgbà. Ciprofloxacin, tí àwọn ọ̀dọ́ Àgọ́-Ìwòyè ń pè ní "Cipro" bí ẹni ń pe orúkọ ọ̀rẹ́, a kì í fi fún aboyún níwọ̀n ìgbà tí òmíràn bá wà. Bẹ́ẹ̀ ni ti abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń gún kiri ilé: ó lè ba etí ọmọ jẹ́, ilé ìwòsàn nìkan ni ó yẹ kí ó pinnu ìlò rẹ̀. A kò kọ ìwọ̀n oògùn kankan síhìn-ín, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé àlùmánáákì kì í ṣe dókítà.

Níti àgbo, a fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, nítorí àwọn ìyá wa mọ ewé. Ṣùgbọ́n àgbo tí ń lé ìtọ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò inú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ń mú ilé-ọmọ sún kì, èyí tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n gan-an kì í fi fún ẹni tí oyún rẹ̀ ṣì kéré. Kò tún sí ẹni tí ó lè wọn agbára rẹ̀ láti ìgò dé ìgò. Èyí tí a fi ògógóró rẹ ni ó burú jù, nítorí ọtí ń kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti fífi álọ́ọ̀mù, Dettol tàbí ọṣẹ líle fọ inú abẹ́: ó ń lé àwọn kòkòrò rere tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúrò, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ti búburú.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò le. Obìnrin tí ìtọ̀ ń ta, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti kọjá ọjọ́ tí ó yẹ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì sọ gbólóhùn kan yìí kí wọ́n tó fún un ní ohunkóhun: "Ẹ jọ̀wọ́, mo lérò pé mo ti lóyún." Bí ojú bá ń tì í láti sọ ọ́ níwájú èrò, kí ó kọ ọ́ sí ìwé kékeré, kí ó nà án sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì mọ àṣírí púpọ̀ tí kò tíì sọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Àgọ́-Ìwòyè tí kò tíì fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀, kí ó ṣe bákan náà. Àṣírí tí ó ń pa mọ́ fún ilé kì í ṣe èyí tí yóò pa mọ́ fún ẹni tí ń kọ oògùn. Ẹni tí ó fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé àbíyè ìjọ, àwa kò ní kí ó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí kò sí ilé àyẹ̀wò kò lè rí kòkòrò. Kí ìyá àgbẹ̀bí fi í ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti lè rí i.

Níbẹ̀ wọn yóò gba ìtọ̀ rẹ̀, bí a sì ti gbà á ṣe pàtàkì. Kí ó fi omi lásán fọ ara rẹ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Kí ó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà sílẹ̀, kí ó sì gbe ti àárín sínú ìgò tí ilé àyẹ̀wò fún un; ìgò àtijọ́ tí a ti fi ra oògùn ikọ́ kò dára, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ inú ìtọ̀, tí ń yí àwọ̀ padà, yóò fún un ní èsì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fo ọ̀pọ̀ kòkòrò dá. Èyí tí ó dájú jù ni kí a gbin ìtọ̀ náà bí ẹni gbin irúgbìn, kí a rí ohun tí yóò hù. Èyí ń gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a ó tún fi oríṣiríṣi oògùn dán kòkòrò tí ó hù náà wò, a ó sì mọ èyí tí ó lè pa á. Ní ilẹ̀ wa, nítorí ìrà-kurà oògùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò bìkítà fún ampicillin mọ́. Bí ìtọ̀ bá ń ta obìnrin náà gidigidi, dókítà kò ní dúró. Yóò kọ oògùn tí ó yẹ fún un ní ọjọ́ kìíní, yóò sì yí i padà bí èsì bá sọ òmíràn.

Fún àwọn ará Ìwópin, Mákùn-Omi, Abígi, Ìbíàdé àti àwọn abúlé etí ọ̀sà, a ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un. Ẹ má ṣe gba ìtọ̀ sínú ìgò ní ilé kí ẹ sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ìtọ̀ bá ti lò ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, kòkòrò inú rẹ̀ á ti di ìlọ́po ìlọ́po, èsì á sì parọ́. Ẹ lọ tọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó sì sàn kí ẹ lọ ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí èsì lè jáde kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé. Kí ẹ gba nọ́ńbà tẹlifóònù ilé ìwòsàn náà, kí ẹ má bàa wọ ọkọ̀ lásán lẹ́ẹ̀kejì. Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò kì í ṣe ohun kékeré, a mọ̀. Ọkọ tí ó bá ń ka ìwé yìí kí ó ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí oyún yóò ná an láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣírò owó àjílẹ̀ kí òjò tó dé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé wí ní ọdún 2016 pé kí aboyún kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kí a wo ìtọ̀ rẹ̀ bí kò tilẹ̀ ta á, kí a sì fún ẹni tí a bá rí kòkòrò lára rẹ̀ ní oògùn fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ méje yìí ni a fẹ́ kí ẹ di mú. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ìtọ̀ kò ní ta á mọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, tí wọ́n ń tọ́jú ìyókù sínú àpótí de ìgbà mìíràn. Àwọn kòkòrò tí ó le jù ni ó kẹ́yìn láti kú. Àwọn ni ìyókù oògùn wà fún. Bí ó bá ń ra oògùn náà lóde, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ó bá lò ó tán, kí ó padà lọ fún wọn ní ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kòkòrò yìí fẹ́ràn láti padà wá kí ọmọ tó dé.

Kí ó máa mu omi dáadáa, pàápàá nígbà ọ̀yẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í rántí omi. Omi kò lè wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ó ń fọ ọ̀nà. Kí ó má máa di ìtọ̀ mọ́ra ní ọjà tàbí títí ìwàásù yóò fi parí. A dá a lójú pé kò sí oníwàásù tí yóò bínú sí aboyún tí ó jáde. Kí ó tọ̀ lẹ́yìn tí ó bá bá ọkọ rẹ̀ sùn, kí ó sì máa nu ara rẹ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn.

Ó kù ẹnì kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: obìnrin tí ó ti lo kápúsù kí ó tó mọ̀ pé òun lóyún. Ìbẹ̀rù á mú un, àwọn kan á sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ oyún náà kí ó má bàa bí abirùn. Kí ó má ṣe gbọ́. Thalidomide burú ju gbogbo àwọn oògùn tí a dárúkọ fún ìtọ̀ yìí lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn ṣèèṣì lo tetracycline, Septrin tàbí Cipro fún ọjọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni a bí ní pípé. Kí ó dáwọ́ oògùn náà dúró, kí ó ka iye èyí tí ó ti lò, kí ó sì lọ rí dókítà ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú páálí rẹ̀ lọ́wọ́.